Támálè Ìyá Ọpẹ́

Aṣọ ni Olúfúnṣọ́ ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà já lù ú. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì kíṣìnnì rẹ̀ ní Corduff, lẹ́bàá Dublin, òun náà ń kọrin bo rédíò mọ́lẹ̀, nítorí obìnrin yìí kì í ṣe ohunkóhun láìkọrin. Bó ń fọ abọ́, orin. Bó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò, orin. Bí nọ́ọ̀sì bá ń gún un lábẹ́rẹ́, á máa kùn ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nímú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ohùn kan tó mọ̀ dáadáa ló ń jáde láti inú rédíò, ni ó bá pa orin rẹ̀ dé.

Ohùn Dárasími ni. Ó ń fi gẹ̀ẹ́sì aládùn sọ̀rọ̀ nípa ilé oúnjẹ tuntun tó ṣí sí àárín ìlú Dublin, èyí tó pè ní Pòròpórò. Ó ní oúnjẹ kan wà tí àwọn èèyàn ń torí ẹ̀ tò sẹ́nu ọ̀nà òun: támálè kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ, bọ́tà tí a yan ni wọ́n fi po ìyẹ̀fun rẹ̀, akàn ló wà nínú rẹ̀, eérú háríhá àgbàdo ni wọ́n sì bù wọ́n ọn lórí. Olóòtú bi í pé níbo ló ti rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Dárasími rẹ́rìn-ín músẹ́músẹ́. Ó ní ìyá àgbà òun ní Ìséyìn ló fi hàn òun lójú àlá.

“Ìyá àgbà wo?” ni Olúfúnṣọ́ bi rédíò. “Ìyá àgbà tó kú kí wọ́n tó bí ẹ?”

Òórùn ló mú un rántí áyọ́ọ̀nù. Búláòsì funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ti jóná láyà, ihò náà tóbi tó ojú ẹṣin.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí, kí ẹ lè mọ ìdí tí inú fi bí obìnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ẹlẹ́rìn-ín. Olúfúnṣọ́ wà lára àwọn tó sá àsálà wá sí Ireland ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ Ọpẹ́ lẹ́yìn, àpò kan lọ́wọ́. Ọpẹ́ ti di géńdé báyìí, ó ń wa ọkọ̀ àjàgbé. Ìyá Ọpẹ́ ń dáná ní ilé àwọn arúgbó kan nítòsí Blanchardstown. Ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni Chayo ń gbé, obìnrin ará Mẹ́síkò tó fẹ́ ọkọ Irish, tó kúrú bí ìkòkò, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń la ògiri kọjá. Láti ara ẹ̀rín yẹn ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Chayo ló kọ́ ọ ní támálè.

Ẹni tí kò bá mọ támálè, kó ronú kan àbàrí. Àgbàdo gbígbẹ ni wọ́n máa ń sè pẹ̀lú ẹfun títí èèpo rẹ̀ á fi bó, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lù ú títí á fi fúyẹ́, wọn á fi ẹran aláta sí i nínú, wọn á dì í sínú háríhá àgbàdo gbígbẹ, wọn á wá tò ó sójú ooru lóòró bí àwọn ọmọ ilé ìwé. Ní ìlú Chayo, ẹ̀gbẹ́ títì ni àwọn obìnrin ti ń tà á láàárọ̀, òòró ni ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń dúró jẹ ẹ́. Ìyá Chayo, Doña Eulalia, fi títà rẹ̀ tọ́ ọmọ mẹ́jọ.

Ọjọ́ tí Olúfúnṣọ́ kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ó ṣí háríhá náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní ilé ìyá òun ni òun gbóòórùn yìí. Nígbà tó ṣe, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé oúnjẹ yìí lè wọ aṣọ mìíràn. Ó lè kéré, ó lè jókòó sórí àwo bí ọmọge tó jókòó fún fọ́tò. Ṣùgbọ́n a kì í dédé fọwọ́ kan ìkòkò ìyá oníyàá. Ó ra òdòdó, ó gbé iṣu kan lé e, ó lọ bá Chayo.

“Chayo, ṣé o ò ní bínú bí mo bá fọwọ́ kan oúnjẹ ìyá rẹ, kí n yí i padà díẹ̀?”

Chayo wo iṣu, ó wo òdòdó. Ó ní, “Fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọ́, dárúkọ ìyá mi.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń gbé ìkòkò lọ tajà ní Rush, létí òkun, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń ta ewébẹ̀ tí àwọn apẹja sì ń ta akàn. Támálè ti Doña Eulalia ni wọ́n ń tà fún àwọn ará ọjà. Ti Olúfúnṣọ́ ṣì wà nílé, ó ń tọ́ ọ bí ọmọ ìkókó. Ó yọ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kúrò, ó yan bọ́tà Irish lórí iná títí ó fi pọ́n tó ń rùn bí ẹ̀pà. Ó fi akàn rọ́pò ẹran. Tó bá ti jinná, á tún gbé e lé àwo gbígbóná kí ara rẹ̀ lè gbẹ gbáú. Eérú yẹn ńkọ́? Orin ló fà á. Ó ń yan háríhá lórí iná kó lè gba èéfín díẹ̀, orin kan wá dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju iná lọ, ó dijú sí i, háríhá gbiná, eérú rẹ̀ já sínú wàrà kíkan tó wà nítòsí. Ó ti ń ṣépè nígbà tí Chayo ki ìka bọ wàrà, tó fi lá a. Chayo lá ètè. Ó tún ki ìka bọ̀ ọ́.

“Fúnṣọ́,” ló ní, “jọ̀ọ́, máa kọrin lọ.”

Àwọn mẹ́ta ló wà nínú kíṣìnnì lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kẹta ni Dárasími. Ìyá Ọpẹ́ ló gbà á sílé nígbà tó dé sí Dublin láìní ibi tí yóò fi orí lé. Yàrá ẹ̀yìn ló fún un, kò gba kọ́bọ̀. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà yá, ó yára gbọ́ nǹkan, “Mọ́mì” ló ń pe Olúfúnṣọ́. Òun náà ki ìka bọ wàrà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, èyí ti di ti àwọn ọlọ́lá o!” Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ló kó ẹrù rẹ̀, ó ní òun ríṣẹ́ sí ìlú Cork. Olúfúnṣọ́ gbàdúrà fún un, ó di oúnjẹ fún un lọ́wọ́.

Kò dé Cork rárá. Àárín ìlú ni, Pòròpórò ni.

Bóyá Ìyá Ọpẹ́ ì bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rush. Nígbà tó gbọ́ rédíò tán, ó pinnu pé òun náà á kúkú gbé támálè òun jáde. Ó tò ó sórí àwo kékeré, ó wọ́n eérú sí i. Ọkùnrin kan tó fa ajá lọ́wọ́ rà á, ó jẹ ẹ́, ó lu Olúfúnṣọ́ léjìká bí ẹni tó ń gba ọmọdé níyànjú.

“Ó dùn o,” ló fi èdè tirẹ̀ sọ. “O fẹ́rẹ̀ẹ́ sè é bí ti obìnrin tó ni ín gan-an, èyí tó wà láàárín ìlú. Ó dáa kéèyàn máa wo iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ọkùnrin náà lọ, ajá náà lọ. Olúfúnṣọ́ dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Wọ́n ja òun lólè, wọ́n sì tún wá pe òun ní olè! Lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Chayo ti mọ̀ ọ́n, ó wọ bọ́ọ̀sì láti Rush délé láìkọrin. Ẹ̀rù ba Chayo.

Ó lọ bá Dárasími. Ẹ̀yìnkùlé Pòròpórò ló gbà, níbi tí wọ́n ń kó pàǹtí sí. Dárasími jáde sí i pẹ̀lú aṣọ funfun àwọn olóúnjẹ ńlá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ìkúnlẹ̀ ẹni tí kò fẹ́ kí eékún òun kan ilẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Ẹ ò bá ti pè mí kí ẹ tó wá.”

“Dárasími, támálè ta ni ò ń tà?”

“Támálè? Àgbàdo ni, mà.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ló ni àgbàdo?”

“Eérú ńkọ́? Bọ́tà? Akàn?”

“Mọ́mì, ẹ ẹ̀ ní bínú o. Ẹlẹ́rìí yín dà? Chayo? Ọ̀rẹ́ yín ni. Ẹ jẹ́ á má ba ara wa lórúkọ jẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ jẹun, ẹ wá lọ́sàn-án, mo máa ní kí wọ́n tọ́jú yín dáadáa.” Ó sì wọlé. Ilẹ̀kùn náà rọra padé fúnra rẹ̀, bí ilẹ̀kùn olówó ti ń padé.

Nígbà tí Ọpẹ́ gbọ́, ó na ẹsẹ̀ sórí àga, ó fi ohùn àwọn ọmọ Dublin dáhùn bó ti máa ń ṣe. “Ah Mam, leave it, will you? It's only corn.”

“Ìwọ náà tún sọ pé àgbàdo lásán ni!” ni ìyá rẹ̀ pariwo. “Dìde lórí àga mi.”

N ó sọ ohun tí Olúfúnṣọ́ fẹ́ fún yín, kó má baà rú yín lójú. Kò fẹ́ owó Dárasími. Kò fẹ́ kí wọ́n ti Pòròpórò pa. Kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí iná abẹ́ ewé: kí Dárasími fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, níta gbangba, lójú àwọn tó ń jẹun rẹ̀, pé Olúfúnṣọ́ ló ni oúnjẹ náà. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń la ẹnu ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnu rẹ̀?

Orí àwo tó ń fọ̀ ní ilé àwọn arúgbó ni èsì ti bá a. Ó rántí ìtàn tí Dárasími máa ń sọ nígbà tí àwọn méjèèjì bá jọ ń fọ abọ́. Ìyàwó kékeré ni ìyá Dárasími jẹ́ nínú agbo ilé ńlá kan ní Ìséyìn, níbi tí àwọn ìyàwó ti ń fi orin bá ara wọn jà. Bí ìyálé bá gbé orin òwe sẹ́nu nídìí àmù omi, kí ilẹ̀ tó mọ́ ìyàwó kékeré á ti dá a padà ní ìlọ́po méjì. “Ìyá mi kì í jẹ́ kí orin sùn sí òun lára,” ni Dárasími máa ń wí, ojú rẹ̀ á máa dán. Òun náà sì gbé e jọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí obìnrin kan fi orin ṣá a lọ́gbẹ́ nípa bàtà tó yá wọ̀, ìsìn kò tíì parí tí Dárasími fi dá a lóhùn, tí pásítọ̀ ń jánu.

Gbogbo ẹni tó bá sì ti gbé agbo ilé rí ló mọ òfin orin òwe. Orin òwe kì í lórúkọ nínú. Ẹni tó kọ ọ́ lè búra pé ẹyẹ lòun ń bá wí. Nítorí náà, bó ti wù kó ta ọ́ tó, má dáhùn! Ẹni tó bá dáhùn ti gba ẹ̀wù náà wọ̀, ó sì ti fi ara rẹ̀ hàn pé òun ni wọ́n kọ orin náà fún.

Olúfúnṣọ́ gbé àwo sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dára lójú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rín ológbò lẹ́nu ihò ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi hun orin náà. Ó hun ún nídìí ìkòkò ọbẹ̀, ó hun ún nínú bọ́ọ̀sì, ó tú apá kan, ó tún un hun. Àwọn arúgbó tó ń dáná fún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ sí i. Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún bi í pé kí ni orin náà ń sọ.

“Ẹyẹ ni, Dádì.”

“Ẹyẹ náà ṣe kí ni?”

“Kò tíì mọ ohun tó ṣe. Ó máa mọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.”

“Grand,” ni bàbá wí, bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń sọ pé ó dáa, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé yẹn ni ọjọ́ ìbí Ìyá Àdúràgbèmí, ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń sunkún bí ẹnì kan bá tẹ èèrà mọ́lẹ̀. Olúfúnṣọ́ ní òun á fi oúnjẹ ọ̀sán dá a lọ́lá, ní Pòròpórò. Chayo náà bá wọn lọ; wọn kò lọ sí Rush lọ́jọ́ náà. Inú Ìyá Àdúràgbèmí dùn débi pé ó wé gèlè. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n fi bo ìwọ̀ mọ́lẹ̀.

Ibi náà rẹwà, a kì í fi ìbínú purọ́. Àwọn àga rẹ̀ ń dán, iná rẹ̀ pupa bí ẹyìn. Ìdáná kò ní ògiri. Ibi tí èèyàn jókòó sí ló ti ń wo àwọn tó ń dáná, Dárasími láàárín wọn bí ìyàwó. Lára ògiri ńlá, wọ́n ya àwòrán ìyá arúgbó kan tó gbá àgbàdo mọ́ra: ìyá àgbà ojú àlá nìyẹn. Jeremiah, tí òun àti Dárasími jọ ni ibẹ̀, ló wá kí wọn káàbọ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Dublin ni. Ó gbọ́ Yorùbá já gaara, gẹ̀ẹ́sì nìkan ló fi ń fèsì. Ó nawọ́ sí àwòrán náà, ó sọ ìtàn àlá fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì dájú pé ó gbà á gbọ́. Àánú rẹ̀ ṣe Olúfúnṣọ́ díẹ̀. Ó gbé àánú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ilé oúnjẹ kún. Àwọn òyìnbó wà níbẹ̀, àwọn èèyàn wa náà wà níbẹ̀, pàápàá àwọn dókítà. Dókítà Ládiípọ̀ tó wà ní tábìlì kejì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí wọn. Támálè dé. Chayo jẹ ẹ́, ó fi ẹsẹ̀ ta Olúfúnṣọ́ lábẹ́ tábìlì. Olúfúnṣọ́ kò tíì fọwọ́ kan tirẹ̀.

Wọ́n kọ orin ọjọ́ ìbí fún Ìyá Àdúràgbèmí, gbogbo ilé bá wọn kọ ọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí àtẹ́wọ́ náà tó kú tán ni Ìyá Ọpẹ́ dìde, ó fi ṣíbí lu ife, ó sì gbé tirẹ̀:

*Ẹyẹ kan wọlé mi, mo fún un ní yàrá,*
*Ẹyẹ kan wọlé mi, mo fún un lọ́kà jẹ.*
*Ó kọ́ orin mi tán, ó fò lọ sórí igi,*
*Ó ní bàbá òun ló kọ́ òun lórin.*
*N ò dárúkọ ẹyẹ o,*
*Ẹyẹ ló mọ ara rẹ̀.*

Ohùn náà dùn, ẹ gbọ́! Àwọn òyìnbó rò pé ìyókù orin ọjọ́ ìbí ni, wọ́n ń mi orí. Àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ dẹ́kun jíjẹun. Ta lẹyẹ? Nídìí iná, ọwọ́ Dárasími dúró lórí páànù. Lẹ́yìn náà ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè.

Olúfúnṣọ́ tún un kọ. Chayo, tí kò gbọ́ Yorùbá kan, ń fi ọwọ́ méjèèjì lu tábìlì sí i. Dárasími ń gé àlùbọ́sà báyìí, ọ̀bẹ rẹ̀ ń ro gbà, gbà, gbà, ṣùgbọ́n ó ti eyín mọ́ ètè. Kò dáhùn.

Ọkàn Ìyá Ọpẹ́ já. Ṣé ọmọ yìí ti gbọ́n ni? Ṣé Dublin ti sọ ọ́ di ẹni tó lè gbé orin mì? Jeremiah ti ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín àrọwà pé ó tó, mà. Bí orin yìí bá kú sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Òun ló máa wọ bọ́ọ̀sì padà sílé gẹ́gẹ́ bí olè. Nígbà náà ni nǹkan kan bọ́ sí i lẹ́nu, èyí tí kò hun sílẹ̀ tẹ́lẹ̀:

*Ẹyẹ tó dákẹ́, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀,*
*Ìyá rẹ̀ náà kò lóhùn rí.*
*Ìyá tó yadi nídìí orin,*
*Ẹ bá mi kí ìyá ẹyẹ!*

Ọ̀bẹ dúró.

Dárasími jáde láti ìdí iná, ó di ṣíbí ìrobẹ̀ mú bí ẹni di idà, ojú rẹ̀ pọ́n. Kì í ṣe onílé oúnjẹ ní àárín ìlú Dublin ló ń bọ̀ mọ́. Ọmọ ìyàwó kékeré ni, láti inú agbo ilé. Ó dúró ní iwájú gbogbo tábìlì, ó sì kọ ọ́ padà, ohùn rẹ̀ ga ju ti Olúfúnṣọ́ lọ:

*Ẹ fún mi ní yàrá, mo gbọ́,*
*Ẹ fún mi lọ́kà, mo jẹ!*
*Ẹ̀yin lẹ sè é tí kò kúrò ní kíṣìnnì,*
*Èmi ni mo gbé e jáde tí ayé fi rí i.*
*Ẹ̀yin lẹ dá eérú, èmi ni mo dá ògo,*
*Ẹni tó kọ orin sábẹ́ ìkòkò, kó má bú ẹni tó kọ ọ́ síta!*

Ó kọ ọ́ tán, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ojú rẹ̀ ń dán pẹ̀lú ìṣẹ́gun.  

Dókítà Ládiípọ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu. “Hàà! Ó ti gbà á o!”

Ìgbà yẹn ni Dárasími tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́ sílẹ̀. Jeremiah dúró láàárín ilé, ó wo àwòrán ìyá àgbà lára ògiri, ó wo Dárasími, ó tún wo àwòrán.

“So there was no granny,” ló wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. “I tell that story forty times a week.”

Dárasími wá ọ̀nà àbáyọ, ó yíjú sí Olúfúnṣọ́. “Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin náà mú un lọ́wọ́ Chayo ni! Ará Mẹ́síkò ni yín?”

Chayo gbọ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un, ó nu ẹnu rẹ̀, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì dáhùn kí gbogbo ilé lè gbọ́. “Obìnrin yìí tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, òun àti òdòdó àti iṣu. Gbogbo Sátidé ló ń dárúkọ ìyá mi fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ, ta lo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?” Àwọn òyìnbó náà wá lóye. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lókè lọ́hùn-ún.

Dárasími kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, eékún méjèèjì kan ilẹ̀. “Mọ́mì, ẹ forí jì mí. Lónìí yìí ni màá yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí à ń tà. Ẹ ò ní rí i níbí mọ́.”

“Yọ kí ni?” ni Olúfúnṣọ́ bi í. Ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ṣe, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ń gbádùn oòrùn. “O ò gbọdọ̀ yọ ọ́. O máa sè é. Gbogbo àwo tó bá jáde níbí, ìwọ fúnra rẹ ni wàá gbé e dé iwájú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, wàá dúró, wàá sọ pé: ‘Támálè Olúfúnṣọ́ ti Corduff nìyí, Doña Eulalia sì ni ìyá rẹ̀.’ Ìgbà náà ni wàá tó gbé àwo sílẹ̀. Kọjá yẹn, n ò fẹ́ nǹkan kan.”

“Gbogbo àwo, mà?”

“Ọjà rẹ tà jù? Àdúrà tí mo gbà fún ọ ni.”

Ìyá Àdúràgbèmí ti ń sunkún sínú aṣọ ìnuwọ́. “Ìyá Ọpẹ́, ẹ dárí jì í, ó ti tó.”

“Mo ti dárí jì í,” ni Olúfúnṣọ́ wí. “Ṣùgbọ́n n kò tíì yó.”

Jeremiah kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé àkàbà wá lójú gbogbo wọn, ó fi aṣọ tábìlì bo ìyá àgbà lórí ògiri. Dárasími nu ojú rẹ̀, ó gbé àwo kan, ó lọ bá tọkọtaya òyìnbó kan tó wà létí fèrèsé, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

“A ò gbọ́!” ni Olúfúnṣọ́ ké láti ìdí tábìlì tirẹ̀.

Ó tún un sọ, ó pariwo rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí oòrùn Sátidé bá ti rọ̀, tí wọ́n bá ti tà tán ní Rush, Ìyá Ọpẹ́ á fọ ọwọ́ rẹ̀, á wọ bọ́ọ̀sì, á kọrin láti ọ̀nà dé Pòròpórò. Orí àga kan náà ló ń jókòó sí, níbi tí yóò ti máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti tábìlì dé tábìlì. Àwọn èèyàn á máa yíjú wò ó, Dárasími á máa nawọ́ sí i nítorí wọ́n ń bèèrè pé ta ni, òun náà á máa mi orí sí wọn bí olorì. Lẹ́yìn náà Dárasími á gbé tirẹ̀ wá, á kúnlẹ̀, á wí i látòkè délẹ̀.

Ó máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó sì ń dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀, èyí tí kò sọ fún Chayo pàápàá, ni pé támálè ọmọ náà dùn. Bọ́tà rẹ̀ yan dé ojú àmì, akàn rẹ̀ rọ̀, eérú rẹ̀ kò pọ̀ jù, iyọ̀ rẹ̀ ṣe régé.

“Ṣé ó dáa, Mọ́mì?” ni Dárasími máa ń bèèrè, ojú rẹ̀ nílẹ̀.

Olúfúnṣọ́ á jẹ ẹ̀kún ẹnu kan sí i, á wo òkè, á ronú.

“Lọ bá mi gbé iyọ̀ wá.”